Bí ẹ ṣe máa kéde àkáǹtì òkèèrè yín fún ìjọba Amẹ́ríkà, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀

Nínú ìwé owó orí Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò bí ẹni fo gọ́tà. Ó wà lórí Schedule B, ní apá kẹta, ìlà 7a. Ohun tó ń béèrè ò le: lọ́dún tó kọjá, ṣé ẹ ní àkáǹtì kankan ní orílẹ̀-èdè míì, àbí ẹ ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ti ẹlòmíì? Ẹni tó ń kánjú á tẹ "bẹ́ẹ̀ kọ́", torí lọ́kàn tiẹ̀, owó tó wà nílé ò kan ìjọba tó wà níbí. Lẹ́yìn náà, á buwọ́ lu ìwé ọ̀hún, ìwé tó sọ pé ìyà ìbúra èké wà fún ẹni tó bá kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ sínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì dìgbà tí owó bá pọ̀. Lójú tèmi, èrò kan ṣoṣo ló ń kó àwọn èèyàn wa sí i: pé bí owó orí ò bá sí lórí nǹkan, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ya méjèèjì sọ́tọ̀. Owó orí lọ́tọ̀, ìròyìn lọ́tọ̀. Ẹ lè má jẹ ìjọba ní sẹ́ǹtì kan lórí àkáǹtì kan, síbẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ wọ́n ní ìròyìn rẹ̀. Níní àkáǹtì níta kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì ní gba owó orí lórí owó tó kàn jókòó síbẹ̀. Èlé tó bá mú wá ni owó orí ń bá wí.

Òfin náà ti wà láti 1970, Bank Secrecy Act ni wọ́n ń pè é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ò pọ̀. Lọ́dún 2009 ni nǹkan yí padà, nígbà tí báǹkì UBS ti Switzerland gbà láti san 780 mílíọ̀nù dọ́là, tó sì fi orúkọ àwọn kan lára àwọn oníbàárà rẹ̀ tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà lé ìjọba lọ́wọ́. Ní 2010, wọ́n ṣe òfin FATCA, tó ní kí àwọn báǹkì káàkiri ayé máa sọ àkáǹtì ará Amẹ́ríkà tó bá wà lọ́dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí báǹkì òkè òkun fi máa ń bi yín bóyá ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni yín. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ tojú bọ ọ̀rọ̀ yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà kàn yín

Àwọn tí òfin yìí mú pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, ibi yòówù kó máa gbé láyé. Ẹni tó ní green card wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkèèrè ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà náà ò yọ sílẹ̀.

Ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú ìwé wọ̀nyí, tó kàn wá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú físà, lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀ nítorí iye ọjọ́ tó lò. Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ó gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ 31 ó kéré tán lọ́dún yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ ka gbogbo ọjọ́ tó lò lọ́dún yìí, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ tó lò lọ́dún tó kọjá kún un, kẹ́ ẹ tún fi ìdá kan nínú mẹ́fà ti ọdún tó ṣáájú ìyẹn kún un. Bó bá ti pé 183, ó ti wọlé. Ẹni tó lo ọjọ́ 120 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta á ní 120, 40 àti 20, àpapọ̀ rẹ̀ 180. Orí kó o yọ. Ẹni tó lo ọjọ́ 130 á ní 195. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lọ́dún ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní físà F-1 ní àǹfààní kan: ọjọ́ tí wọ́n bá lò láàárín ọdún kàlẹ́ńdà márùn-ún àkọ́kọ́ kì í wọ ìṣirò yìí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Houston, tí wọ́n gbé padà sílé nígbà tó wà ní ọmọ oṣù mẹ́ta, ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ṣì ni. Bí ìyá àgbà bá ṣí àkáǹtì lórúkọ rẹ̀, tí owó ibẹ̀ sì kọjá iye tí mo fẹ́ sọ láìpẹ́, ọmọ náà ló ni ìròyìn yẹn lọ́rùn. Bí kò bá tíì lè ṣe é fúnra rẹ̀, òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò ṣe é lórúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ń dàgbà láì mọ̀ pé gbèsè ìròyìn wà lọ́rùn wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ gbogbo ibi tí orúkọ yín wà

Ẹ mú ìwé kan. Ẹ má tíì ronú nípa iye owó rárá. Ẹ kọ gbogbo àkáǹtì òkèèrè tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ni mo wí o, n ò tíì sọ ti owó.

Àwọn tó rọrùn láti rántí ni àkáǹtì ìfowópamọ́, àkáǹtì sọ̀wédowó, àti owó tí ẹ dè mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Àkáǹtì dọ́là tó wà ní báǹkì kan l'Ékòó tàbí London, àkáǹtì òkèèrè ni. Ibi tí báǹkì wà ni òfin ń wò, kì í ṣe irú owó tó wà nínú rẹ̀. Àkáǹtì tí ẹ fi ń ra ìpín ìdókòwò wà níbẹ̀, mutual fund (owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn dà pọ̀ fi ṣe ìdókòwò) wà níbẹ̀, àti ìbánigbófò ẹ̀mí tó ní owó tí ẹ lè gbà jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Èyí tí ẹ ti gbàgbé náà wà níbẹ̀: àkáǹtì tí ẹ ṣí nígbà tí ẹ wà ní yunifásítì, tí kò ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ mọ́.

Ibi tí èèyàn ti máa ń jábọ́ gan-an ni àkáǹtì tí owó inú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ká sọ pé ìyá yín ti dàgbà, ẹsẹ̀ ò gbé wọn dé báǹkì mọ́, wọ́n wá ní kí báǹkì fi orúkọ yín sí i kẹ́ ẹ lè máa bá wọn gba owó ìfẹ̀yìntì. Owó ìyá yín ni, ẹ ò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ rí. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé yín. Tàbí kẹ̀, ẹ jẹ́ akápò ẹgbẹ́ kan nílé, ẹ sì wà lára àwọn mẹ́ta tó ń fọwọ́ sí sọ̀wédowó: ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò lè dá gba owó láì jẹ́ pé àwọn yòókù fọwọ́ sí i. Ohun tí òfin ń béèrè ni bóyá báǹkì á ṣe ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n fi owó náà ṣe, yálà ẹ̀yin nìkan tàbí ẹ̀yin pẹ̀lú ẹlòmíì. Bí ẹ bá ní iléeṣẹ́ níta, tí ìpín yín sì ju ìdajì lọ, àkáǹtì iléeṣẹ́ náà di tiyín lójú òfin yìí.

Owó ìfẹ̀yìntì tó wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ òkèèrè, ẹ kọ òun náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wò ó. Kì í ṣe gbogbo wọn ni òfin kà sí bákan náà, ṣùgbọ́n ó sàn kó wà lórí ìwé ju kó sọnù lọ.

Ohun tí kò sí lórí ìwé náà: ilé, ilẹ̀, owó tó wà nínú àpótí, wúrà. Àkáǹtì tó wà ní ẹ̀ka báǹkì òkèèrè kan ní New York kì í ṣe àkáǹtì òkèèrè. Àkáǹtì tó wà ní ẹ̀ka báǹkì Amẹ́ríkà kan ní London, òkèèrè ni. Ní ti crypto, FinCEN, àjọ tó ń gba ìròyìn yìí, sọ ní òpin ọdún 2020 pé àkáǹtì òkèèrè tí crypto nìkan wà nínú rẹ̀ kò tíì wọ ìlànà, ṣùgbọ́n pé àwọn ní i lọ́kàn láti fi kún un. Bí owó lásán bá wà pẹ̀lú crypto nínú àkáǹtì kan náà, ó ti wọlé nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá iye tó ga jù lọ, ẹ sì rò ó pọ̀

Iye tí òfin dá ni 10,000 dọ́là. Gbólóhùn yìí ni gbogbo èèyàn ti gbọ́, tí ọ̀pọ̀ ò sì gbọ́ dáadáa.

Kì í ṣe àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ju 10,000 lọ. Àpapọ̀ wọn ni. Bí ẹ bá ní 4,500 dọ́là ní ibi kan, 3,800 ní ibi kejì, àti 2,100 ní ibi kẹta, ó ti di 10,400. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ gbọ́dọ̀ kéde, títí kan àkáǹtì kẹrin tí ogún dọ́là péré wà nínú rẹ̀.

Kì í sì í ṣe iye tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún. Iye tó ga jù lọ tó dé láàárín ọdún ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan péré ló lò níbẹ̀. Ẹni tó ta mọ́tò ní oṣù kejì, tí owó náà wọ àkáǹtì lọ́jọ́ Ajé, tó sì jáde lọ́jọ́ Ẹtì, owó yẹn ti wọ ìṣirò.

Èyí tó máa ń bí àwọn èèyàn nínú jù ni pé owó kan náà lè wọ ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní 8,000 dọ́là ní àkáǹtì A. Ní oṣù kẹfà ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àkáǹtì B. Iye tó ga jù ní A jẹ́ 8,000. Iye tó ga jù ní B jẹ́ 8,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di 16,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò ní ju 8,000 lọ láyé yín. Èmi náà rò pé kò bá ọgbọ́n mu, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ kéde, ẹ sì sinmi.

Bí owó náà kì í bá ṣe dọ́là, ẹ kọ́kọ́ wá iye tó ga jù ní owó ilẹ̀ ibẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá yí i padà. Iye pàṣípààrọ̀ tí ẹ máa lò ni èyí tí iléeṣẹ́ ìṣúná Amẹ́ríkà gbé jáde fún ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ lo ti ọjọ́ tí owó náà ga jù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò gbọ́dọ̀ lo ti àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní títì. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: owó tó ga jù nínú àkáǹtì yín jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà. Bí ìwé ìṣúná bá kọ 1,500 náírà sí dọ́là kan, ẹ pín in, ó di 6,000 dọ́là. Bó bá jẹ́ 500 ni wọ́n kọ sí i, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án yìí kan náà á di 18,000. Nítorí náà, ẹ má fi ti èṣí ṣe ti ọdún yìí. Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kan lè kó sí i lọ́dún kejì láì tíì fi náírà kan kún owó rẹ̀.

Bí nọ́mbà bá ní ìyókù, ẹ gbé e sókè sí odidi dọ́là tó tẹ̀ lé e: 6,215 dọ́là àti sẹ́ǹtì mẹ́wàá di 6,216. Ìwé àkọsílẹ̀ tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù tó láti fi mọ iye tó ga jù, bó bá ti fi bí owó náà ṣe rí gan-an hàn. Ẹ bèèrè fún un lọ́wọ́ báǹkì láti oṣù kìíní. Àwọn báǹkì kan á fi yín ṣeré títí oṣù kẹrin á fi dé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi FBAR ránṣẹ́

FBAR ni wọ́n ń pe ìròyìn náà. Orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ni FinCEN Form 114. Kì í bá ìwé owó orí rìn. FinCEN ni ẹ máa fi ránṣẹ́ sí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nípasẹ̀ ojú òpó tí wọ́n ń pè ní BSA E-Filing. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó fi sínú àpòòwé pẹ̀lú Form 1040, ìyẹn ìwé owó orí, tó sì gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, kò tíì kéde nǹkan kan.

Ohun tí ẹ máa nílò ni orúkọ báǹkì àti àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́mbà àkáǹtì, irú àkáǹtì tó jẹ́, iye tó ga jù lọ́dún náà, àti orúkọ ẹni tí ẹ jọ ni ín bó bá wà. Ó tán. Wọn ò bi yín níbi tí owó ti wá. Ẹni tó bá ní àkáǹtì 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kọ iye wọn nìkan, kó sì tọ́jú àlàyé kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí wọ́n lè rí i bí wọ́n bá béèrè.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni gbèdéke, fún ọdún tó ṣáájú. Bó bá kọjá, òfin fúnra rẹ̀ sún un dé ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, láì jẹ́ pé ẹ bẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ti tọkọtaya: ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní FBAR tiẹ̀. Àyàfi bó bá jẹ́ pé gbogbo àkáǹtì òkèèrè tí ọ̀kan nínú wọn ní ni wọ́n jọ ni. Nígbà náà, ẹnì kejì lè kéde fún àwọn méjèèjì lásìkò, tí wọ́n bá jọ buwọ́ lu Form 114a, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sílé. Bí aya bá ní àkáǹtì kan tí ọkọ ò sí nínú rẹ̀, àdéhùn yẹn ti já, aya á ṣe tiẹ̀. Bí ẹ̀yin àti àbúrò yín bá jọ ni àkáǹtì kan, gbogbo iye rẹ̀ ni ẹ máa kọ. Ẹ ò ní pín in sí méjì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, wọ́n á fún yín ní nọ́mbà kan tó fi hàn pé ó dé ọwọ́ wọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì náà fún ọdún márùn-ún láti ọjọ́ gbèdéke.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wò bóyá Form 8938 náà kàn yín

Òfin FATCA ló mú Form 8938 wá, ìwé ìròyìn dúkìá ìnáwó òkèèrè ni. IRS, àjọ tó ń gba owó orí Amẹ́ríkà, ló ni ín, ó sì máa ń bá ìwé owó orí rìn. Ṣíṣe ọ̀kan kò sọ pé kẹ́ ẹ má ṣe ìkejì. Àwọn míì wà tó gbọ́dọ̀ ṣe méjèèjì lórí àkáǹtì kan náà.

Iye tó ń pe èèyàn síbẹ̀ ga ju ti FBAR lọ. Fún ẹni tí kò ṣe ìgbéyàwó, tó ń gbé Amẹ́ríkà, ó jẹ́ kí owó náà ju 50,000 dọ́là lọ ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún, tàbí kó ju 75,000 lọ ní ọjọ́ kan láàárín ọdún. Fún tọkọtaya tó jọ ń kọ ìwé owó orí pọ̀, ó jẹ́ 100,000 tàbí 150,000. Fún ẹni tó ń gbé òkèèrè lọ́nà tí òfin gbà, ó jẹ́ 200,000 tàbí 300,000. Tọkọtaya níbẹ̀, 400,000 tàbí 600,000.

Ohun tó ń kà yàtọ̀ díẹ̀. Àkáǹtì ìyá yín tí ẹ kàn ń fọwọ́ sí, kò wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpín iléeṣẹ́ òkèèrè tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín láì sí nínú àkáǹtì kankan, tí FBAR ò bèèrè, ó wọ ibẹ̀. Bí owó tó ń wọlé fún yín ò bá tó èyí tí òfin fi ní kẹ́ ẹ kọ ìwé owó orí lọ́dún náà, ẹ ò nílò Form 8938. FBAR ò ní irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin lè jẹ ẹ́.

Ìtanràn ẹni tí kò ṣe é jẹ́ 10,000 dọ́là, ó sì lè fi 50,000 lé e bí IRS bá kọ̀wé tí onítọ̀hún sì kọ etí dídi. Ohun míì tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí kì í hàn: ọdún mẹ́ta tí IRS máa ń ní láti yẹ ìwé owó orí wò kì í bẹ̀rẹ̀ títí tí ẹ ó fi fi Form 8938 ránṣẹ́. Ìwé ọdún náà á wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi owó tó wọlé sínú ìwé owó orí

Amẹ́ríkà ń gba owó orí lórí ohun tó wọlé fún ọmọ rẹ̀ níbikíbi láyé. Èlé báǹkì òkèèrè gbọ́dọ̀ wà lórí Schedule B, bó ti wù kó kéré tó, kódà bí báǹkì ọ̀hún bá ti yọ owó orí ti ibẹ̀ kúrò. Gbogbo èlé ni ẹ máa kọ, kì í ṣe ìyókù lẹ́yìn tí wọ́n yọ tiwọn. Owó orí tí wọ́n yọ níbẹ̀ ni ẹ ó wá fi dín ti Amẹ́ríkà kù, lórí Form 1116. Bí kò bá ju 300 dọ́là lọ, tàbí 600 fún tọkọtaya tó jọ kọ ìwé pọ̀, ẹ sábà lè gbà á láì kọ fọ́ọ̀mù yẹn rárá. Ẹ kíyè sí i pé iye pàṣípààrọ̀ fún owó tó wọlé kì í ṣe ti 31 oṣù kejìlá tí FBAR ń lò. Ti ọjọ́ tó wọlé ni, tàbí ti gbogbo ọdún náà ní ìpíndọ́gba bó bá jẹ́ owó tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ilé tí ẹ fi ṣe rẹ́ǹtì níta, ilé náà ò sí lórí ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n owó ilé gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé owó orí.

Kí n kìlọ̀ nípa mutual fund òkèèrè, torí pé àwọn báǹkì máa ń polówó rẹ̀ bíi pé àkáǹtì ìfowópamọ́ tó ń san èlé tó dáa jù ni. Lójú òfin owó orí Amẹ́ríkà, nǹkan míì pátápátá ni. PFIC ni wọ́n ń pè é, fọ́ọ̀mù tiẹ̀ ni 8621, ìṣirò rẹ̀ sì lè jẹ́ kí owó orí àti èlé tí wọ́n gbé lé e jẹ púpọ̀ nínú èrè náà. Owó tí ẹ máa san fún ẹni tó máa bá yín kọ fọ́ọ̀mù náà lè ju èrè yín lọ. Bí ẹ kò bá tíì wọ inú rẹ̀, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.

Bí àwọn ẹbí tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà bá fún yín ní ẹ̀bùn tàbí ogún tó ju 100,000 dọ́là lọ lọ́dún kan, ẹ ò ní san owó orí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lórí Form 3520. Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà ló tún padà wá: owó orí lọ́tọ̀, ìròyìn lọ́tọ̀. Ẹni tó ní iléeṣẹ́ níta náà á wo Form 5471, èyí tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dá kọ.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹ bá ti pẹ́

Bí ẹ bá ń kà á tí ọkàn yín ń lù, ẹ fara balẹ̀. Ẹ má ṣe ohun méjì: ẹ má dákẹ́, ẹ má sì fọgbọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọdún yìí bíi pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa àwọn ọdún tó kọjá. FBAR tuntun tó fi àkáǹtì ọdún mẹ́wàá hàn lójijì á fa ìbéèrè.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo owó tó wọlé ni ẹ ti san owó orí lé lórí, tó jẹ́ pé FBAR nìkan lẹ ò ṣe, ọ̀nà rẹ̀ rọrùn. Ẹ fi àwọn tí ẹ ò ṣe ránṣẹ́ lórí BSA E-Filing, kẹ́ ẹ sì yan ìdí tó fi pẹ́ níbi tí wọ́n ti béèrè. IRS sọ pé àwọn ò ní bu owó ìtanràn lé irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí àwọn kò bá tíì kọ̀wé sí i tàbí bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò lórí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ò fi èlé sínú ìwé owó orí pẹ̀lú, ètò tí wọ́n ń pè ní Streamlined ló wà fún ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ ó tún ìwé owó orí ọdún mẹ́ta ṣe, ẹ ó fi FBAR ọdún mẹ́fà ránṣẹ́, ẹ ó san owó orí tó kù pẹ̀lú èlé rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà á san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí àwọn dúkìá ìnáwó òkèèrè tí kò kéde, á sì kọ Form 14654. Ẹni tó ń gbé òkèèrè, tó lo ọjọ́ 330 lẹ́yìn òde Amẹ́ríkà nínú ó kéré tán ọ̀kan lára ọdún mẹ́ta náà, tí kò sì ní ibùgbé níbẹ̀ lọ́dún yẹn, kò ní san ìdá márùn-ún yẹn. Form 14653 ni tiẹ̀.

Nínú fọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn, ẹ máa kọ ìtàn bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ara yín: ìgbà tí ẹ ṣí àkáǹtì náà, ìdí tí ẹ fi ṣí i, ẹni tó bá yín kọ ìwé owó orí, ohun tó bi yín àti ohun tí kò bi yín. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. "Mi ò mọ̀" nìkan ò tó. Bí ẹ bá tẹ "bẹ́ẹ̀ kọ́" lórí ìlà 7a, ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n á kúkú rí i.

Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi pa mọ́, kí ó má fọwọ́ kan Streamlined. Lọ́yà tó mọ òfin owó orí ni kó kọ́kọ́ rí, kó tó bá akáńtáǹtì sọ ohunkóhun, torí pé wọ́n lè pe akáńtáǹtì wá jẹ́rìí. Fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀, ìtanràn jẹ́ 100,000 dọ́là tàbí ìdajì owó inú àkáǹtì, èyí tó bá pọ̀ jù, wọ́n sì máa ń fi kún 100,000 náà bí owó ọjà ṣe ń gòkè. Ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Àwọn ilé ẹjọ́ sì ti sọ pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dijú kó má baà mọ̀, ó mọ̀ nìyẹn.

Fún ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀, òfin kọ 10,000 dọ́là, tó ti lé ní 16,000 ní 2025. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, awuyewuye wà lórí ohun tí wọ́n ń kà: ṣé àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ni, àbí FBAR kọ̀ọ̀kan? Alexandru Bittner, ẹni tí wọ́n bí sí Romania, tó di ọmọ Amẹ́ríkà, tó tún padà sílé lọ ṣòwò, ni kò kéde láti 2007 dé 2011. IRS ka àkáǹtì rẹ̀ sí 272 lápapọ̀, wọ́n ní kó san 2.72 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù kejì ọdún 2023, àwọn adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a láre pé FBAR ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà. Gbèsè náà sọ̀ kalẹ̀ sí 50,000. Ìtura ńlá ni fún ẹni tó ní àkáǹtì wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ṣì ni ọdún márùn-ún.

Ohun kan tí àwọn èèyàn máa ń ṣe bí wọ́n bá ti gbọ́ gbogbo èyí ni pé wọ́n á sáré pe báǹkì nílé pé kí wọ́n yọ orúkọ àwọn kúrò lórí àkáǹtì ìyá wọn. Kò burú bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì wà tó lè bá màmá gba owó. Ṣùgbọ́n kò pa ọdún tó ti kọjá rẹ́. Bí orúkọ yín bá kúrò ní oṣù kẹta, FBAR ọdún yẹn ṣì máa béèrè nípa oṣù kìíní, oṣù kejì àti oṣù kẹta, ti ọdún tó tẹ̀ lé e nìkan ni ẹ ò ní kọ ọ́ mọ́.